Fèrèsé Tí Mo Kàn Pa

Irọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó jókòó níwájú mi ní ilé ìwòsàn dispánsẹ́ẹ̀ àdúgbò wa, tí wọ́n kọ Henriette sí àyà aṣọ funfun rẹ̀, bi mí pé ṣé fèrèsé wà nílé ìdáná mi, mo ní ó wà. Ó bi mí pé ṣé mo máa ń ṣí i, mo ní lójoojúmọ́ ni, àtàárọ̀ àtalẹ́. Látífà ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, jókòó lórí itan mi, àyà rẹ̀ ń sú fée bíi kẹ́tùrù tí omi rẹ̀ fẹ́ hó. Ó gbé orí sókè, ó wò mí.

"Non, tantie," ó sọ fún nọ́ọ̀sì náà. "Maman a cloué ça."

Ó ní ìyá òun ti kàn án pa. Ọmọ tí kò rí èémí mí dáadáa rí èyí tó fi tú mi láṣìírí.

Oṣù kẹwàá ọdún 2008 nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí fèrèsé náà ṣe di kíkàn pa fúnra mi, nítorí bí mi ò bá sọ ọ́, àwọn ará àgbàlá wa á sọ ọ́, wọn á sì fi ata sí i.

Sùwéébátù lorúkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ìkòkò àti abọ́ ni mò ń tà ní ọjà Treichville ní Abidjan, ẹni tó bá sì ti bá mi nájà rí mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Lìádì ọkọ mi ń ta aṣọ ní Adjamé. Ìdílé mẹ́jọ ló wà nínú àgbàlá tí à ń gbé, pẹ̀lú ẹ̀rọ omi kan àti igi máńgòrò kan. Gbogbo wọn ló ń fi èédú dáná níta lábẹ́ igi náà, bí ẹnìkan bá sì ń din ẹja, gbogbo wa la mọ irú ẹja tó jẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ ra gáàsì, gáàsì olójú mẹ́ta. Mo kó ẹrù kúrò nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pálọ̀ wa, mo gbé gáàsì àti sílíńdà rẹ̀ síbẹ̀, mo di ẹni tí kì í fẹ́ iná mọ́. Ìgbéraga wọ̀ mí lẹ́wù, mi ò ní purọ́. Bí mo bá ń ta ìkòkò, mo máa ń da ojú rẹ̀ délẹ̀ kí oníbàárà lè rí ìdí rẹ̀, màá búra fún un pé bó bá fi gáàsì sè é, ìdí ìkòkò náà kò ní dúdú láéláé.

Fèrèsé kan wà nínú yàrá náà, kò tóbi ju àwo ìgbóúnjẹ lọ, ó sì kọjú sí àgbàlá. Mo sọ fún ọkọ mi pé eku ń gbabẹ̀ wọlé. Mo wá pákó, mo kàn án mọ́ ọn, mo sì fi ọ̀rá dí etí rẹ̀ yíká.

Kì í ṣe eku. Fatou ni, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ẹ mọ àṣà wa. Bí ènìyàn bá ń jẹun tí ẹlòmíràn bá yọ, ó gbọ́dọ̀ ní "ẹ wá jẹun". Ẹni náà á ní "á gba ibi ire," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bó ṣe rí nílé nìyẹn. Ní Abidjan, bí o bá pe ènìyàn wá jẹun, á wá. Àwọn ọmọ Fatou kò mọ ohun tó ń jẹ́ á gba ibi ire. Wọ́n á fọwọ́, wọ́n á jókòó, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹran. Bí mi ò bá pè wọ́n, ayé á ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi kò dára. Bí mo bá pè wọ́n, ẹran tán. Mo wá rò ó, mo rí i pé bí òórùn ọbẹ̀ kò bá jáde, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mò ń jẹun, mi ò ní pe ẹnikẹ́ni, màá sì tún jẹ́ ọmọlúàbí. Ọgbọ́n mi nìyẹn. Nínú ọgbọ́n yẹn ni mo ti se oúnjẹ fún ọdún gbọọrọ.

Ìyá ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú wa nígbà náà. Ó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tọ́jú ọmọ nígbà tí mo bí Látífà, kò sì padà mọ́. Màmá ni gbogbo àgbàlá ń pè é, títí kan àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Kò fọwọ́ kan gáàsì mi rí. "Iná tí kò ní èéfín," ó máa ń wí, "ta ló mọ ibi tó ń gbà?" Àdògán èédú tirẹ̀ wà níta lẹ́bàá ògiri, ibẹ̀ ló ti ń din àkàrà, ibẹ̀ ló sì ti ń pe gbogbo ayé wá jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ Fatou á tò yí i ká. Inú á máa bí mi nínú yàrá mi tí mo kàn pa.

Látífà ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ ni, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé, bó bá sì sáré díẹ̀, àyà rẹ̀ á máa sú. Mo wá ẹni tí màá dá lẹ́bi, mi ò sì wá a jìnnà. Ta ló ń dáná tó ń rú èéfín? Ta ló ń pọn ọmọ lẹ́bàá èédú? Mo ní èéfín Màmá ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gba ọmọ mi kúrò níta. Mo gbé tábìlì kékeré sínú ilé ìdáná, ibẹ̀ ni Látífà ń jókòó sí ṣe iṣẹ́ iléèwé bí mo bá ń se oúnjẹ, kí èéfín ìyá bàbá rẹ̀ má baà débẹ̀. Ikọ́ le sí i. Mo lọ ra ewé yúkálípítọ́ọ̀sì lọ́jà, mo ń sè é lórí gáàsì, mo ń da aṣọ bo ọmọ lórí kó lè fa ooru rẹ̀ símú. Ikọ́ le sí i. Nígbà ọyẹ́, mo máa ń tan ojú gáàsì méjì láàárọ̀ láìgbé nǹkan kan ka iná, kí yàrá lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ọmọ tó wẹ̀. Orí máa ń fọ́ èmi náà níbẹ̀, ojú máa ń ta mí; mo ní wàhálà ọjà ni. Iná gáàsì náà kúrò ní búlúù, ó ń pọ́n, ìdí ìkòkò mi sì ń dúdú, èmi tí mò ń búra fún oníbàárà. Mo ń fi yanrìn ha á. Mi ò bi ara mi pé kí ló sọ ọ́ di dúdú.

Ibi tó ń wù mí kí n fò kọjá la dé yìí, ṣùgbọ́n mi ò ní fò ó. Bí Màmá bá gbé Látífà sẹ́sẹ̀ tó sì sọ ọ́ kalẹ̀, mo máa ń fa ọmọ náà lọ sídìí ẹ̀rọ omi lójú gbogbo àgbàlá. Màá fi ọṣẹ fọ ojú àti ọwọ́ rẹ̀, màá bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀, màá sì máa sọ ọ́ sókè pé èéfín ti wọ ìró ìyá arúgbó, ó ń ràn mọ́ ọmọ. Màmá á jókòó síbẹ̀, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó yá, kó tó gbé Látífà, á kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, á pààrọ̀ ìró. Mo rí i. Ó sì dùn mọ́ mi pé ó ti gbọ́ràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún 2006, ikọ́ há Látífà mọ́lẹ̀ débi pé ètè rẹ̀ ṣú. Bó ṣe rọlẹ̀ díẹ̀ báyìí, mo yíjú sí Lìádì, mo fi ariwo bọnu.

"Bàbá Látífà, ẹ mú ọ̀kan! Èéfín ìyá yín, àbí ẹ̀mí ọmọ mi!"

Aṣọ ìkélé ló wà láàárín àwa àti Màmá. Ta ni kò mọ̀ pé aṣọ ìkélé kì í dí ohùn mọ́? Lìádì kàn jókòó, ó fọwọ́ bo ojú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá ti di ẹrù rẹ̀. Ó lọ láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, ó ń dágbére. Ó ní orúnkún òun ń fẹ́ afẹ́fẹ́ òkun, ó ní Yessoufou, àbúrò Lìádì tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, ti ń bẹ òun tipẹ́ pé kí òun wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Port-Bouët. Kò dárúkọ mi sí rere, kò dárúkọ mi sí búburú. Fatou sunkún. Gbogbo wọn ló gbọ́ ohun tí mo pariwo lálẹ́ àná, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé obìnrin náà ń bò mí láṣìírí. Èmi nìkan ni mo ṣe bí ẹni pé orúnkún ló gbé e lọ.

Màmá lọ, ikọ́ kò lọ. Mo ní èéfín rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, mo kun ògiri ní ọ̀dà funfun. Ikọ́ kò lọ.

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ọdún 2008, bàbá mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì ní láti lọ. Lìádì mú Látífà lọ sí Port-Bouët, kò bi mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo lò. Nígbà tí mo dé tí mo lọ mú un, ọmọ náà ti sanra, ó ń sáré lórí yanrìn, àyà rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Bọ́láṣadé, ìyàwó Yessoufou, ní, "Ìyálé mi, kò wúkọ́ o, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo báyìí, kò wúkọ́." Mo ní oògùn tí mo ti ń fún un tẹ́lẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́. A padà sí Treichville, a padà sídìí tábìlì kékeré. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ikọ́ ti dé. Ẹ sì mọ ohun tí mo sọ? Mo ní òtútù òkun ni wọ́n kó sí i lára ní Port-Bouët.

Bí a ṣe dé iwájú Henriette nìyẹn, tí ọmọ mi fi sọ pé mo kàn án pa.

Nọ́ọ̀sì náà kò bínú. Ì bá bínú, ara ì bá tù mí. Ó fi oògùn kan tí wọ́n ń fín sẹ́nu fún Látífà, ó dúró títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀, ó wá ń bi mí ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé orí máa ń fọ́ mi bí mo bá ń dáná? Ó ń fọ́ mi. Ṣé iná náà pọ́n? Ó pọ́n. Níbo ni ọmọ máa ń wà bí mo bá ń dáná? Mo wolẹ̀. Mo ní ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Gaz-là, maman Latifa, tu vois pas fumée," ó wí, "mais ça sort quelque chose."

Ó ní èéfín gáàsì kò ṣeé fojú rí, ṣùgbọ́n ohun kan ń jáde lára iná náà, bí kò bá sì rí ọ̀nà bá lọ, inú àyà ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń lọ, pàápàá àyà ọmọdé. Kò ní kí n ju gáàsì nù. Ó ní èédú nínú yàrá tí a tì pa burú, kódà ó lè pa ènìyàn, ṣùgbọ́n gáàsì náà ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé kó sì jáde. Ó ní ikọ́ fée ló ń ṣe ọmọ mi. Ó lè jẹ́ pé ó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọdún tó fi jókòó sínú yàrá yẹn ti fún un lágbára. Mo bi í pé ṣé ó máa lọ.

"Ça peut diminuer," ó wí. Ó lè dínkù. Kò ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá bi Látífà pé níbo ni kì í ti í wúkọ́. Ọmọ náà kò tilẹ̀ ronú. "Chez mamie," ó ní. Lọ́dọ̀ màmá àgbà. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo gbàgbé gèlè mi sórí àga, ìyá kan ló sáré gbé e tẹ̀lé mi.

Lìádì ló yọ pákó náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó gbọ́ ọ tán, ó lọ yá òòlù. Bí pákó ṣe ń já ni mò ń rí àgbàlá láti inú ilé ìdáná mi fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ibi tí àdògán Màmá máa ń wà lẹ́bàá ògiri kọjú sí mi gan-an. Fatou tó ń fọ aṣọ gbé ojú sókè, ó rí mi.

"Ah, maman Latifa! Donc il y avait fenêtre là?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò mọ̀ pé fèrèsé wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé báwo ni Màmá, pé nígbà wo ló ń bọ̀. Mo ní ara rẹ̀ le. Mi ò mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le. Àtìgbà tí mo ti mú ọmọ mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò kí i.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni mo mú Látífà, a wọ wórò-wórò, takisí àjùmọ̀wọ̀, lọ sí Port-Bouët. Nínú ọkọ̀ ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Mo fẹ́ ní nọ́ọ̀sì sọ pé nǹkan púpọ̀ ló ń fa ikọ́ fée. Mo fẹ́ ní gbogbo wa la ṣe àṣìṣe. Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ díẹ̀, kí n sì fi ìyókù pamọ́. Ẹ rí i pé mi ò tíì kọ́gbọ́n.

Bọ́láṣadé ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Látífà sáré kọjá lọ sórí yanrìn lọ bá àwọn ọmọ tó ń ṣeré. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyálé mi, ẹ kú ìrìn. Ẹ dákun, ẹ bá mi bá Màmá sọ̀rọ̀, bóyá wọ́n á gbọ́ tiyín. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wa, wọn ò dáná rí."

"Wọn ò dáná bí ti báwo?"

"Wọn ò dáná. Àdògán wọn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú ọ̀rá. Bí mi ò bá sí nílé, gàrí ni wọ́n ń mu. Nígbà tí Látífà wà níbí, wọn ò jẹ́ kí èmi gan-an tanná sí tòsí, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni mo lọ ń dáná. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn kò dára síná, pé díẹ̀ ló kù kí àwọn fi pa ọmọ ọmọ àwọn."

Ní gbogbo ìgbà tí mò ń bú obìnrin yìí, mo rò pé ó kàn ń fara dà á ni. Mi ò rò ó rí pé ó gbà mí gbọ́.

Màmá wà lórí ẹní nínú ìbòòji ògiri, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Abọ́ gàrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti rọmi sí i. Ó ti gbẹ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Bó ṣe rí mi, ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Sùwéébátù, wá jẹun." Mo kúnlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò nínú ọkọ̀ fọ́nká.

"Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin," mo ní. "Kì í ṣe èéfín yín. Èmi ni. Mo kan fèrèsé pa nítorí ìwà ahun, kí àwọn ọmọ Fatou má baà gbóòórùn ọbẹ̀, mo sì jókòó ti ọmọ yín mọ́ inú èéfín gáàsì. Nígbà tí mo gbà á lọ́wọ́ yín, inú ibi tó ń pa á lára ni mò ń gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀."

Ọkọ̀ òfuurufú kan ń sọ̀ kalẹ̀ lórí wa, ariwo rẹ̀ bo gbogbo ilẹ̀. Màmá dúró títí ó fi kọjá.

"Kì í ṣe èmi?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin, Màmá."

"Tún un wí."

Mo tún un wí. Ó ní kí n tún un wí lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún un wí, omi ń bọ́ lójú mi sórí ẹní rẹ̀. Òun kò sunkún. Ó ń fi àtàǹpàkò yí tẹ̀súbà rẹ̀.

"Gbogbo ìrun ni, Sùwéébátù," ó wí. "Ọdún méjì. Kò sí ìrun tí mo kí tí mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí àyà ọmọ yẹn."

Mo dojúbolẹ̀. Mo ní kó dákun kó jẹ́ ká jọ máa lọ sílé, pé gbogbo àgbàlá ló ń bèèrè rẹ̀, pé èmi fúnra mi ni màá ṣáná sí àdògán rẹ̀. Ó gbé mi dìde. Ó ní òun ti forí jì mí, kí Ọlọ́run forí ji gbogbo wa. Ṣùgbọ́n òun kò bá mi lọ.

"Ibí ti tù mí lára," ó wí.

Ìgbà náà ni Látífà rí i pé ìyá bàbá rẹ̀ ti kírun tán. Ó fi eré sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀ lórí yanrìn, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń kígbe "Mamie! Mamie!" Mo dúró kí n rí i bí ó ṣe máa gbé e. Mo rò pé ìyẹn nìkan á tù mí lára díẹ̀.

Màmá gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró ná, ọmọ mi. Attends."

Ọmọ náà dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ẹni tí èyí ti mọ́ lára. Màmá dìde, ó rọra lọ síbi tí kẹ́tùrù omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó mú ọṣẹ. Iná kan kò sí níbẹ̀. Èéfín kan kò sí lára rẹ̀.

"Màmá, ẹ dákun," mo ní, "ẹ má fọ ọwọ́ yín mọ́. Mo ti ní kì í ṣe ẹ̀yin."

"Mo gbọ́," ó wí. "Ó ti mọ́ mi lára ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, Látífà sì dúró, ó ń wò ó, ó ń dúró de ìgbà tó máa ṣe tán. Mo lọ gbé kẹ́tùrù náà, mo ń da omi sí i lọ́wọ́.